Nọ́ńbà Tí Mo Fọ̀ Dànù

Mi ò gba gbẹ̀rẹ́ fún ìdọ̀tí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn kí n tó wá máa ran bàbá ọkọ mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, kò sì sí àbàwọ́n tó lè wò mí lójú kó kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àgbá onígi ni Bàbá ń tún ṣe. Èyí tí àwọn oníwáìnì ti lò tì, tó ti gbẹ, tí òrùka irin rẹ̀ ti ń ṣí lára rẹ̀, òun ni àwọn èèyàn ń gbé wá. Bàbá á tú u palẹ̀, wọ́n á fá inú rẹ̀ títí igi tuntun á fi yọjú, wọ́n á tò ó padà, wọ́n á dáná sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí òórùn igi óákù á fi gba gbogbo ilé. Àwọn tó ń pọn bíà nílé ló ń lò ó, torí bíà tó bá sùn sínú igi bẹ́ẹ̀ máa ń ní adùn tí ike ò lè fún un. Èmi ò mu bíà o. Àmọ́ tí ẹ bá rí ọwọ́ Bàbá lára pákó, ẹ̀yin náà á dúró wò. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù, síbẹ̀ omi ò ní rí ibi gbà.

Ọdún méjì ni mo ti lò níbẹ̀, ìgbálẹ̀ àti omi gbígbóná ni mo sì mọ̀. Mo ti gbà pé Bàbá ò kà mí kún ẹni tó lè mọ iṣẹ́ yẹn. Ó ń dùn mí, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, oníbúrẹ́dì àdúgbò wa yí àgbá kan wọlé.

"Bàbá, ti màmá mi nìyí. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bíà. Wọ́n á pé ọgọ́rin ọdún lóṣù mẹ́fà sí i, mo sì ti pọn bíà dúdú tí wọ́n fẹ́ràn. Tí kò bá wọnú igi ní Sátidé, kò ní gbó kó tó dọjọ́ náà."

"Sátidé ò jìnnà," ni Bàbá wí, "àmọ́ ó máa bá a."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú àgbá náà sí pákó méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ìkan ò fẹ̀ tó ìkejì. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè padà sí àyè rẹ̀ nígbà títò, wọ́n ń pè é sókè bíi tíṣà. Ìkọ̀wé wọn rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìẹ, mo sì rẹ́rìn-ín sínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń gbé pákó kan sí mi: "Nọ́ńbà mélòó nìyí?" Mo máa ń dáhùn pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. Ṣé wọ́n rò pé mi ò mọ nọ́ńbà ni?

Ní Wẹ́sidé, Bàbá jáde. Mo wo àwọn pákó náà, mo rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bíà àtijọ́ lára wọn, ara mi sì kọ̀ ọ́. Mo gbé omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì. Mo fọ inú, mo fọ ẹ̀yìn, mo sá wọn sí oòrùn, èyí tó fẹ̀ jù níwájú, èyí tó tín-ín-rín jù lẹ́yìn. Orí ara mi ń wú. Ìgbà tí mo rí i pé omi tó ń ṣàn lọ funfun díẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé mo ti fọ nọ́ńbà Bàbá dànù.

Bàbá dé, wọ́n bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún. Bíà oníbúrẹ́dì ò ní rílé gbé, àgbá ìyá rẹ̀ ti di igi ìdáná, èmi ni mo sì fà á.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ìyàwó mi," ni wọ́n wí. "Ìwọ ò ríran torí ẹkún. Èmi tí mi ò sunkún wá ńkọ́?"

Mo rò pé àwàdà ni.

"Ó ti lé lọ́dún kan tí mo rí ṣọ́ọ̀kì gbẹ̀yìn. Òjìji lásán ni mò ń rí."

"Ta wá lẹ̀ ń kọ nọ́ńbà fún, Bàbá?"

"Ta ló tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Ojú tì mí ju ti ìfọ̀ náà lọ.

Wọ́n ní kí n kó àwọn pákó náà wọlé. Wọ́n wá èyí tó ní ihò tí a ń da bíà sí, wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí pákó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá ibi tí irin ti dógùn-ún sí wọn lẹ́yìn, torí ìlà ìdógùn-ún náà gbọ́dọ̀ bọ́ sára èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á mú ìkan, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á mú òmíràn, á sì jókòó wọ̀ọ̀. Mo ti rí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, mi ò tíì rí irú ọwọ́ yẹn rí. Nígbà tó ku mẹ́ta, wọ́n sún sẹ́yìn.

"Ó kàn ọ́. Di ojú ẹ."

Mo ṣi ìkan gbé, mo tún gbé òmíràn. Ó wọlé.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, lẹ́yìn tí iná ti jó inú rẹ̀, a da omi gbígbóná sí i. Omi yọ níbi tí èmi gan-an tò. "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀," ni Bàbá wí, "jẹ́ kí igi mumi yó." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti gbẹ táútáú. Oníbúrẹ́dì yí àgbá rẹ̀ lọ, ó ń dúpẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ mẹ́rin ló ṣe é," ni Bàbá dá a lóhùn.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a tú àgbá mìíràn. Kí Bàbá tó wá ṣọ́ọ̀kì, mo ti mú ọ̀bẹ, mo gé àmì sórí ṣóńṣó pákó kọ̀ọ̀kan: gígé kan fún èkíní, méjì fún èkejì. Mo gbé àwọn pákó náà sí Bàbá lọ́wọ́. Ìka wọn rìn lórí àwọn àmì náà.

"Ení," ni wọ́n ń kà. "Èjì. Ẹ̀ta." Níbi ẹ̀rin, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Omi ò lè fọ èyí, Bàbá."

"Mo rí i, ìyàwó mi. Mo rí i dáadáa." Wọ́n na òòlù sí mi, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀.