Bọ́ọ̀lù Funfun

"K!" lọ́mọ náà ké, ó sì hán bọ́ọ̀lù pupa náà mọ́ àyà. Bulúù tẹ̀ lé e. "B!" Ó tún hán an. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń pè ní Olùkọ́ Ojú, ṣẹ́jú sí kóòṣì tó wá ṣàṣàyàn aṣọ́lé. "Ṣé o ti rí i báyìí?"

Iṣẹ́ bàbá yìí ni kó mú kí ojú àwọn eléré yá. Lẹ́tà ló ń kọ sára bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ hán an gbọ́dọ̀ pe lẹ́tà náà kí bọ́ọ̀lù tó kan ọwọ́. Àwọn yòókù máa ń ṣì í. Ọmọ tirẹ̀ kì í ṣì í, ẹnu bàbá kò sì gbófìfo: "Ojú ọmọ mi yìí, ojú àṣá ni!" Ìyàwó rẹ̀ ní ọmọ ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Bàbá ní àìfarabalẹ̀ ni, jàre.

Kóòṣì nawọ́ sínú báàgì rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lo tèmi." Funfun báláú ni gbogbo bọ́ọ̀lù tirẹ̀, lẹ́tà dúdú lára wọn.

Ó ju àkọ́kọ́. Ọmọ náà hán an, kò pe lẹ́tà. Ìkejì kọjá létí rẹ̀. Ìkẹta bà á níwájú orí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. A ò ní lè mú un." Kóòṣì kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

"O dójú tì mí!" Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ló ṣe ẹ́ gan-an?"

"Pupa ni K, bàbá mi. Bulúù ni B. Àwọ̀ wọn ni mo ń wò. Mi ò rí lẹ́tà kankan láti ìgbà òjò tó kọjá."

Bàbá wo bọ́ọ̀lù tirẹ̀ nílẹ̀. Òun ló ń tún lẹ́tà wọn kọ tó bá ti parẹ́, lẹ́tà kan náà sára àwọ̀ kan náà, kí iṣẹ́ náà má baà ṣòro fún un.

"O ò ṣe sọ?"

"Mo sọ. Ẹ ní kí n má ṣọ̀lẹ. Ìgbà tí mo wá ń pè é, inú yín dùn."

Ojú tó máa báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin: ohun tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ń yẹ ojú eléré tuntun wò. Gbogbo wọn ló yẹ̀ wò. Ti ọmọ rẹ̀ nìkan ló fò.

Ó na ìka sókè. "Mélòó nìyí?"

Ọmọ náà sún mọ́ ọn. Kò wo ìka. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò, ó ń wá ibi tí ẹ̀rín ti máa bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ iye tó yẹ kó pè.