Èédú Nílé Òròmọdìẹ

Nígbà tí ogun ilẹ̀ òkèèrè dí ojú ọ̀nà òkun tí àwọn ọkọ̀ agbégáàsì ń gbà, ọ̀wọ́n gáàsì dé Oǹdó. Tísà Lawrence, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò ka ọ̀rọ̀ ogun náà kún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó òròmọdìẹ wọlé ni, òjò ò sì dá. Òròmọdìẹ tí òtútù bá mú, kíkú ló ń kú, gáàsì ló sì fi ń mú ilé wọn móoru.

Ó gbé sílíńdà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Adébùsóyè tó ń ta gáàsì.

"Ẹ má bínú, sà," ni Adébùsóyè wí. "Ọkọ̀ ò tíì wọ èbúté. Àwa náà ń retí ni."

"Títí di ìgbà wo?"

"Àwọn tó ń jagun ló lè mọ̀, sà."

Èédú ló kù. Tísà dáná sí i nínú ìkòkò irin, ó gbé e sáàárín àwọn òròmọdìẹ, ó sì fi tapólì bo gbogbo fèrèsé kí òtútù má baà wọlé.

Àkúrẹ́ ni Fọlákẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, Tísà sì sọ ohun tó ṣe fún un.

"Bàbá Oyèbọ́lá, ẹ ṣí fèrèsé kan sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Èédú tó ti pọ́n kì í rú èéfín, Kẹ́mi. Orí kàn ń fọ́ mi díẹ̀ ni. Bí mo bá ṣí i, gbogbo wọn á kú."

Nígbà tí Fọlákẹ́mi délé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kò gbọ́ ohùn òròmọdìẹ kan ṣoṣo. Ó ṣílẹ̀kùn ilé wọn, ooru gbá a lójú. Àwọn adìẹ ti kú sílẹ̀ bẹẹrẹbẹ. Ọkọ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín wọn, kò mira.

Igbe rẹ̀ ni Ọlọ́runníyì, káfíńtà tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, gbọ́ tó fi sáré dé. Ó ya tapólì, wọ́n jọ wọ́ Tísà síta sínú òjò. Ó ṣì ń mí.

Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Dókítà ní atẹ́gùn búburú inú èédú, tí kò lóòórùn, tí ojú kò rí, ló wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti kan ọpọlọ rẹ̀.

Nígbà tí Tísà lajú, ó wo ìyàwó rẹ̀ títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ ń wá?"

"Ẹ̀yin ni," ni Fọlákẹ́mi wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n padà wálé. Ní ọjọ́ mìíràn, Tísà máa ń rántí orúkọ ìyàwó rẹ̀; ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní rántí. Bọ́sẹ̀, àbúrò Tísà, ló ń dúró tì í lọ́sàn-án. Fọlákẹ́mi ti bẹ ìjọba pé kí wọ́n gbé òun wá sí Oǹdó, wọn ò tíì dáhùn, nítorí náà ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Láàárọ̀, kó tó jáde, òun ló máa ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ni Tísà máa ń wí, bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò.