Ta Ló Kọ́kọ́ Tì Í?

Títí di òní tí orí mi ti funfun báláú, n kò tíì mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rọ ńlá kan là ń ṣe nígbà náà, tó ń lé pírótọ́ọ̀nù, àwọn hóró tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, sáré nínú páìpù gígùn, kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè fi wọ́n kọlu irin, kí wọ́n sì wo ohun tó máa jáde. Iṣẹ́ tèmi ni láti fa afẹ́fẹ́ inú páìpù tán, torí díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù a máa tú wọn ká. Bí pírótọ́ọ̀nù bá mọ níwọ̀n, wàhálà ò sí. Ká ṣáà ti ní kí wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n á máa gbá ara páìpù, àlámù á ké, ẹ̀rọ á kú fin-ín.

"Páìpù ẹ ló ń jò," ni Ọ̀gá wí. "Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí kò gún, kó ẹrù ẹ."

Mo yẹ gbogbo oríkèé páìpù wò. Kò jò. Mo tún un yẹ̀ wò. Kò jò náà ni. Mo wá ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún, tí kò lè sọ ohun tó ń dùn ún.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ni mò ń gbé. Ìdí ẹ̀rọ yẹn làwọn náà ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá iwájú, ọkọ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Òòfà ni wọ́n fi ń darí pírótọ́ọ̀nù kó lè gba àárín páìpù. Òfin ilé wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀rọ nídìí oúnjẹ. Ìjà ló bí òfin náà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo kàn ń fi ṣíbí ti oúnjẹ mi síhìn-ín sọ́hùn-ún ni.

"Kí ló dé?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí. "Àbí iyọ̀ pọ̀ jù ni?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rú òfin. Ọ̀la ni wọ́n máa lé mi. Pírótọ́ọ̀nù yìí, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, n ò mọ ohun tí mo ṣe é."

"Òun náà ló ń dà mí láàmú! Bó bá ti yà sọ́tùn-ún, mo máa tì í sósì. Kí n tó mí, ó ti kọjá sósì pátápátá."

Ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìyàwó, ta ló ní kó o tì í? Èmi ni mo máa ń tì í sósì."

"Ìwọ kẹ̀? Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́! Mo rò pé tìẹ ni kó o máa wò ó."

"Kí n máa wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n?"

Ìkòkò ọbẹ̀ kan làwọn méjèèjì jọ ń bu iyọ̀ sí, láìsọ fún ara wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń darí. Wọ́n fi kún pírótọ́ọ̀nù, wọ́n tún fi kún un. Àlámù ò ké.

Ọ̀gá wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí lo ṣe sí páìpù yẹn?"

"N ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Ó dáa. Má lọ mọ́. Ohun tó o ṣe yẹn, máa ṣe é lọ."

Nílé, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ní kí n wá dájọ́. Ta ni mí? Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, àbúrò ìyàwó kì í dá sí i. Mo ti jìnnà sí ilé yẹn báyìí, àwọn méjèèjì sì ti lọ síbi àgbà ń rè. Síbẹ̀, bí èmi nìkan bá jókòó ti oúnjẹ mi, mo ṣì ń gbọ́ wọn.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ tì í."

"Irọ́ ni. Ìwọ ni."