Abẹ́rẹ́ Tí Èyíwùnmí Gbà

Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì dé ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún. Ìdúró ni Olúfọlákẹ́ wà tó fi ṣí i lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Hillcrest Heights, nílùú òyìnbó. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ojú ara rẹ̀ gbọ́: ọmọ rẹ̀, Èyíwùnmí, ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Yéè! Ajá ti bu ọmọ mi jẹ!"

Nọ́ọ̀sì ni Olúfọlákẹ́. Ó mọ̀ pé bí àrùn yẹn bá ti dé ọpọlọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó pe Èyíwùnmí, kò gbé e. Ó tún pè é. Ló bá kó sínú mọ́tò, ó di College Park, níbi tí ọmọ náà ti ń kàwé ìṣègùn. Orúkọ Jésù ló ń pè láti ilé dé ọ̀hún.

Michelle, tí òun àti Èyíwùnmí jọ ń gbé yàrá, ló júwe ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin nǹkan sí fún un. Ibẹ̀ ló ti bá ọmọ rẹ̀ lórí àkàbà, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ inú òdòdó funfun kan. Ohun tó jọ ọrọ́ ni òdòdó náà yọ lára rẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀gún sì bò ó látòkè délẹ̀.

"Mọ́mì? What happened?"

"Níbo ló ti bù ọ́ jẹ? Fi hàn mí!"

"Kí ló bù mí jẹ?"

"Ajá!" Ó na lẹ́tà náà sí i.

Èyíwùnmí sọ̀ kalẹ̀. "Kò sí ajá kankan, Mọ́mì. Torí àdán ni."

"Àdán ló bù ọ́ jẹ?"

"Kò sí nǹkan tó bù mí jẹ! Àdán ni mò ń study. Ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́. Thursday la máa lọ sí Arizona."

"Ìṣègùn tí ò ń kà ńkọ́?"

Èyíwùnmí wo ilẹ̀. "Mo ti fi sílẹ̀. Last year."

Olúfọlákẹ́ káwọ́ lérí. Ọdún kan gbáko! Kò sí ẹni tí kò tíì sọ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà ni ọmọ òun ń bọ̀ wá dà. Àdán! Nílé wọn l'Ọ́yọ̀ọ́, bí àdán bá ṣèèṣì wọlé, gbogbo ilé ló máa ń jí gbàdúrà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó ná." Èyíwùnmí gbé fóònù rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Nínú fídíò tó wà níbẹ̀, àdán kan ki orí bọ inú òdòdó títí dé èjìká. Nígbà tó jáde, gbogbo ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Kí ló fi kùnjú yẹn?"

"Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ni. Bó ṣe ń mu omi dídùn inú ẹ̀ ló ń gbé e dé ara òdòdó míì, ìyẹn ló ń jẹ́ kó so èso. Alẹ́ ni òdòdó yìí máa ń là, kí àdán lè rí i, kó tó pa dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Níbí tí kò ti sí wọn, tí mi ò bá fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é, ó máa kàn rẹ̀ dànù ni." Ó tún fọwọ́ tọ́ fóònù náà. "Èyí lóyún. Láti Mexico ni wọ́n ti ń gbé oyún fò bọ̀. Ibi tí òdòdó bá ti ń là ni wọ́n ń gbà, títí wọ́n á fi bímọ sí Arizona."

"Pẹ̀lú oyún?"

"Pẹ̀lú oyún."

"Àwọn ọkọ wọn ńkọ́?"

"Púpọ̀ nínú wọn dúró sí Mexico."

Olúfọlákẹ́ wá ike omi kan tó dojú dé, ó jókòó lé e. Oyún oṣù méje ló gbé wọ orílẹ̀-èdè yìí, òun nìkan, ó sì lo ọdún mẹ́ta gbáko kí Fọláhàn, ọkọ rẹ̀, tó rí físà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń bínú?"

"Mò ń bínú gan-an ni. Ọdún kan lo fi purọ́ fún mi." Ó nu ojú nù. "Bàbá ẹ ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ ọ́, lónìí yìí, kó o tó lọ sí Arizona. Mú báàgì ẹ, ká máa lọ sílé."