Díìsìkì Tí A Fi Kànìnkàn Fọ̀

Bọ́lá ọmọ mi, owó tí wọ́n ní kí n san láti tún kọ̀ǹpútà mi ṣe ju iye tí mo fi ra mọ́tò mi àkọ́kọ́ lọ nígbà tí mo jáde ní yunifásítì. Bóyá ìyẹn ni mo gbé sùn. Mo lá àlá pé kọ̀ǹpútà náà ní òun ò ní gba ètò tuntun, àfi tí mo bá kọ́kọ́ tún àwọn ojú ibi tó bàjẹ́ lára díìsìkì rẹ̀ ṣe. Inú díìsìkì yẹn nìkan ni fọ́tò ìyá rẹ kù sí. Mo fà á yọ, ó fẹ̀ tó ẹní, mo sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé tí à ń gbé ní yunifásítì. Láyí àti Sùnmọ́nù, tí a jọ ń gbé yàrá kan, ti pọn omi sílẹ̀.

"Ìdọ̀tí lásán ni, ọ̀gbẹ́ni," ni Láyí wí. "Bu ọṣẹ sí i."

"Ẹ rọra o, ìyàwó mi wà níbẹ̀!"

Sùnmọ́nù bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tí o kò tíì fẹ́?"

A fi kànìnkàn fọ̀ ọ́. Ibi tó bàjẹ́ kò kúrò, àwọ̀ ló ń dà sínú omi. Mo rí gèlè ìyá rẹ nínú omi ọṣẹ náà, mo rí èjìká rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Mo ń fi ọwọ́ gbọ́n ọn, ó ń gba àárín ìka mi jáde. Kọ̀ǹpútà ń pariwo láti inú yàrá pé àṣìṣe ṣì wà.

Mo jí. Ìyá rẹ ti lọ. Láyí ti lọ. Sùnmọ́nù ṣì wà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Èmi náà wà.