Ẹni Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ọmọ Télọ̀

Imú yẹn kì í ṣe imú ọmọ rẹ̀. Télọ̀ ti mọ̀ kí akọ̀wé ìjọba tó gbé àwòrán náà kalẹ̀ tán lórí maṣíìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ aṣọ iléèwé tó ń rán lọ́wọ́. Imú ọmọ tiẹ̀ rí ṣóńṣó bíi ti bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ti eléyìí tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni, tòun ti ọjọ́ ìbí. Télọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lára maṣíìnì.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa," ni akọ̀wé wí. Ọmọkùnrin tó mọ ọ̀wọ̀ ni, àfi bàtà rẹ̀ tó ń ké ní gbogbo ìgbà tó bá mira. "Àdéhùn wà láàárín ìjọba wa àti ìjọba ìlú òkèèrè tí wọ́n ti mú ẹni inú àwòrán yìí. Ọmọ wa tó bá wọ ìlú wọn láìníwèé, àwa la máa gbà á padà. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́ wa lọ́rùn. Ìdí tí mo fi ń ti ojúlé dé ojúlé nìyẹn."

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Télọ̀ ò ti gbúròó ọmọ rẹ̀. Ó ti kọ̀wé sílé iṣẹ́ ìjọba pé òun ń wá a, ó ti tò lórí ìlà níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi wú. Àwọn kan tiẹ̀ wá ń sọ ọ́ sí i létí pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹ gbọ́ ná! Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ò rọbí rí.

"Kí ló fi dá yín lójú pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀?"

"Orúkọ tó fún wọn bá ti inú fáìlì yín mu." Akọ̀wé ṣí ìwé kan. "Ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ó ní fèrèsé iyàrá ẹ̀yìn kì í ṣí àfi téèyàn bá fèjìká tì í. Ó ní ìyá òun máa ń fi abẹ́rẹ́ há irun, á sì tún máa wá a kiri inú ilé."

Télọ̀ fọwọ́ kan irun rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Háà! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Bí mo bá ní ọmọ mi ni ńkọ́?"

"Wọ́n á fi bàálù gbé e wá lóṣù yìí. A ó sì ti fáìlì yín, torí a ti rí ẹni tí ẹ ń wá."

"Bí mo bá ní òun kọ́?"

"Fáìlì yín á ṣì wà ní ṣíṣí. Wọ́n á máa wá ìlú tó ti wá. Àwọn ìlú mìíràn ò sì bá wọn ṣàdéhùn rárá. Àwọn tó bá wá láti irú ìlú bẹ́ẹ̀, bó bá yá, wọ́n á tú wọn sílẹ̀."

Wàhálà rè é. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àlejò tó mọ̀ pé òun ń fi abẹ́rẹ́ há irun á dé iwájú òun, òun á sì bi í léèrè títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá ọmọ òun mọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ibi tọ́mọ náà wọlẹ̀ sí á tún bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

"Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀?"

Òfin gbà á. Akọ̀wé tẹ fóònù rẹ̀, kò lọ, ó tún un tẹ̀, ojú kan bá yọ lójú fóònù, níwájú ògiri funfun. Ojú inú àwòrán náà ni, ó kàn rù sí i ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi. Ṣé abẹ́rẹ́ ò sọnù?"

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó fi òkúta sẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ yẹn, ẹ̀fẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Inú bí Télọ̀, inú rẹ̀ sì tún dùn, kò mọ èyí tí ì bá mú.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìlera ni mo fẹ́ bi í, kì í ṣe ohun tí àlejò ń gbọ́."

Akọ̀wé wo aago, ó wo ojú rẹ̀, ó fi fóònù sílẹ̀ fún un, ó jáde.

"Ìwọ ta ni?" ni Télọ̀ rọra bi í.

"Èmi kọ́ ni ọmọ yín, Màámi. Ẹ má bínú." Ọkùnrin náà gbójú sílẹ̀. "Yàrá kan náà lèmi àti ọmọ yín jọ gbé fún ọdún mẹ́ta. Èdè yín yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí pákó tó dúró lé níbi tí a ti ń kọ́lé já. Ọjọ́ méjì ló lò. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé, èmi ni mo da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí i."

Télọ̀ di etí maṣíìnì mú. Ó dùn ún wọ eegun.

"Fóònù rẹ̀ fọ́ níbẹ̀. Mi ò ní nọ́ńbà yín, mi ò mọ àdúgbò, ìtàn ilé yín nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n mú mi, mo ní, ta ló lè bá mi wá ìyá yìí rí bí kò ṣe ìjọba? Mo bá fún wọn lórúkọ rẹ̀."

"O ti pẹ́ tó níbẹ̀?"

"Oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ sọ fún wọn pé èmi kọ́, Màámi. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ jẹ́ ni mo jẹ́ yẹn."

Oṣù mẹ́sàn-án! Télọ̀ tẹjú mọ́ ọn, omi ń dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ku ohun tó fẹ́ mọ̀.

"Ìyá tìrẹ ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́ tó ti gbúròó mi."

"Mo ní níbo ló wà? Sọ ọ́ kíá."

Ó sọ ọ́. Télọ̀ fa ṣọ́ọ̀kì yọ, ó kọ ọ́ sára ọwọ́ aṣọ iléèwé náà: orúkọ obìnrin kan, ìlú kan tí kò gbọ́ rí, ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Bó ṣe kọ ọ́ tán ni akọ̀wé wọlé.

"Màmá, ṣé ọmọ yín ni?"

Ọdún mẹ́rin ló fi ń múra láti dáhùn "ọmọ mi ni" fún ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn.

"Kì í ṣe ọmọ mi," ló wí.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, Télọ̀ sì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé náà rí omijé rẹ̀, àánú ṣe é. "Ẹ má sunkún, Màmá. Fáìlì yín ṣì wà ní ṣíṣí. A ò ní yé wá a."

"Ẹ ṣé," ni Télọ̀ wí. "Ẹ máa wá a." Kò sọ ohun tó gbọ́ nínú fóònù, kí wọ́n má baà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ọkùnrin yẹn.

Nígbà tó lọ tán, Télọ̀ jókòó, ó sunkún ọmọ rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú àlùmọ́gàjí, ó gé ibi tó kọ ọ́ sí kúrò lára ọwọ́ aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń kà á. Obìnrin yìí wà níbì kan báyìí, kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Ọmọ rẹ̀ sì wà láàyè. Ó wá yé Télọ̀ pé nínú àwọn ìyá méjèèjì, ọwọ́ òun ni ìròyìn ayọ̀ ti ìyá kejì wà.