Àga Tó Kọjú sí Ògiri

Ó ti rẹ̀ mí, n kò fi ṣe àwàdà. Ọdún gorí ọdún ni mo ń yẹ etí àwọn ajagunfẹ̀yìntì wò nínú yàrá kékeré yìí, ohun kan náà sì ni èsì ń sọ: etí wọn dá ṣáká. Àwọn tó lo ìgbà èwe wọn nídìí ìbọn ńlá! Dókítà tó ni ìwádìí yìí fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ ológun ń ṣe sí ara ènìyàn nígbà tó bá dàgbà. Ó ti sọ fún mi pé bí èsì kò bá yí padà lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á ti yàrá etí pa, kò sì ní sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bàbá mi wà lára wọn. Nílé, omi á hó dànù lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò ní yíjú. Ọmọ mi á ké "Bàbá àgbà!" títí ohùn á fi há. Ìyá mi ní ó ń gbọ́, pé ohun tó bá wù ú ló ń dáhùn. Bó bá sì dé ibi iṣẹ́ mi, tí mo fi ìbotí oníwáyà tí ìró ń gbà wọ etí dé e, gbogbo ìró tí mo bá tẹ̀ ló ń nawọ́ sí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Sájẹ́ńtì ló kọ́kọ́ wọlé. Òun làwọn yòókù ṣì ń pè ní ọ̀gá títí dòní. Ó jókòó, ó kọjú sí mi láti òdìkejì fèrèsé dígí tó wà láàárín wa. Mo tẹ bọ́tìnì, ó nawọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún nawọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ bọ́ sí etí kejì ni mo rí i pé wáyà ìbotí rẹ̀ ti yọ, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Sájẹ́ńtì nawọ́, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́.

Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo gbé wáyà náà sókè.

"Ẹ̀yin bàbá yìí! Kí lẹ wá ń gbọ́?"

Ó wo wáyà, ó wo ètè mi. "Èjìká ẹ ni, ọmọ mi. Bó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, á gbéra díẹ̀. Nígbà tá a wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú àyẹ̀wò etí, wọ́n á yọ ọ́ nídìí ìbọn, wọ́n á ní kó lọ máa to bàtà ní sítọ́ọ̀. Ta ló fẹ́ ìyẹn? Bàbá ẹ ló kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n náà."

Àṣé ajere ni mo ti ń fi pọnmi látọjọ́ yìí. Gbogbo wọn pátá ni màá tún yẹ̀ wò kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá mi ló kàn. Kó tó wọlé, mo yí àga kọjú sí ògiri. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó.

"Kí lèyí?"

Mo la ẹnu dáadáa kó lè rí i: "Àṣẹ dókítà ni, sà."

Kò jiyàn mọ́. Bàbá mi ò lè kọ àṣẹ. Ó jókòó, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán, ó gbọ́wọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìyá mi ti gé irun rẹ̀ lánàá nítorí àyẹ̀wò yìí, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo ti wáyà bọ ẹ̀rọ padà, mo fi ìbotí dé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró tó kéré jù. Ọwọ́ kò gbéra. Mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, títí èmi tí mo wà lẹ́yìn dígí fi ń gbọ́ ọ. Mo tẹ èyí tó kẹ́yìn, èyí tá a kì í fẹ́ lò torí ó máa ń dunni létí, mo sì di bọ́tìnì mú. Kò mira.

Mo pa ẹ̀rọ. Ohun tí dókítà ń wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bàbá mi náà á sì rí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gbà. Ó yẹ kínú mi dùn, àmọ́ ẹkún ni mò ń sun.

Òun ṣì kọjú sí ògiri, ó ń retí mi. Nígbà tó pẹ́, ó ké gbàgbà bí ẹni tó wà lójú ogun:

"Mo ti múra tán o! Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"